Lórí àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ àti bí ẹ̀mí ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ṣe lè gùn tó

Olóòtú àgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde lójú ewé ìlera láìpẹ́ yìí, pé àwọn onímọ̀ ti rí purotéènì tí a lè fi mọ iye ọjọ́ tí ó kù fún ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn mẹ́ta tí ó ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ lágbàáyé. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn lé ní 860,000, àwọn tí ó sì gba ẹ̀mí wọn lé ní 750,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lè mú kí ẹni tí ó bá kà á rò pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí a fà sínú ìgò lè sọ ọjọ́ tí ènìyàn yóò kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn purotéènì wọ̀nyí ni láti jẹ́ kí dókítà mọ irú ìtọ́jú tí ó yẹ aláìsàn kan. Níbi tí kò bá sì sí ìtọ́jú kankan tí a lè yàn, ohun tí nọ́ńbà wọn lè ṣe fún aláìsàn kò pọ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù nínú wọn ni alpha-fetoprotein, tí gbogbo wa ń pè ní AFP. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà nínú oyún ni ó máa ń ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ náà, a máa rọlẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1963, Garri Abelev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Moscow rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku tí jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn, nígbà tí ó sì di ọdún kejì, Yuri Tatarinov rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí ó ní àrùn kan náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tí jẹjẹrẹ ti sọ dà máa ń padà sí ìwà tí ó hù nígbà tí ó ṣì wà nínú oyún. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá kì í sábà ní ju náánógíráàmù 10 lọ nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí ó bá ti gun òkè kọjá 400, ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé àrùn náà sábà máa ń le, àti pé àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kì í sábà pẹ́ tó àwọn tí tiwọn kéré.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe lo nọ́ńbà yìí. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní ramucirumab. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn tí wọ́n ti lo sorafenib, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ mìíràn, rí, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015, kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn nínú bí ẹ̀mí gbogbo wọn lápapọ̀ ṣe gùn tó. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún èsì náà tú wò, wọ́n rí i pé ó jọ pé àwọn tí AFP wọn tó 400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jàǹfààní rẹ̀. Wọ́n bá tún ìdánwò náà ṣe fún irú àwọn wọ̀nyí nìkan. Èsì ti ẹlẹ́ẹ̀kejì jáde ní 2019: oṣù 8.5 ni àwọn tí ó gba oògùn náà fi wà láyé ní ìwọ̀n àárín, oṣù 7.3 sì ni ti àwọn tí kò gbà á. Òǹkàwé lè sọ pé oṣù kan àti díẹ̀ kò tó nǹkan, n kò sì ní bá a jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà kan náà tí ó ń sọ pé àrùn ẹnì kan le ni ó tún tọ́ka sí oògùn tí ó lè ràn án lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ẹni tí AFP rẹ̀ bá kọjá 1,000 kì í rí ààyè pàtàkì tí ìlànà wọn fún àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lórí ìlà àwọn tí ń retí ẹ̀dọ̀ tuntun, àfi bí ìtọ́jú bá kọ́kọ́ mú un wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 500. Ìlẹ̀kùn tí nọ́ńbà tì, nọ́ńbà kan náà lè ṣí i padà.

Oṣù 8.5 tí mo sì kọ yẹn kò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kú nígbà tí oṣù kẹjọ kọjá pẹ̀lú ààbọ̀. Bí a bá to gbogbo wọn láti orí ẹni tí ó kọ́kọ́ kú títí dé orí ẹni tí ó pẹ́ jù, ibi tí ẹni àárín bọ́ sí nìyẹn. Ìdajì wọn ṣì wà láyé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn sì wà láàyè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Èyí ni ó ṣòro jù láti ṣàlàyé fún àwọn ẹbí tí ó máa ń dúró sí ojú fèrèsé yàrá àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọn a gba ìwé èsì, wọn a fi ìka tọ́ nọ́ńbà AFP, wọn a ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa irọ́ fún wa o, ọjọ́ mélòó ló kù fún bàbá?” Irú ìbéèrè yìí kì í ṣe fún èmi, kò sì sí lórí ìwé tí mo fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìròyìn bí irú èyí tí ẹ gbé jáde ni ó ń mú kí wọ́n gbà pé mo mọ̀ ọ́n, tí mo kàn fi pamọ́ fún wọn.

AFP náà ní àléébù tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan wà tí kókó ti tóbi nínú ẹ̀dọ̀ wọn, tí AFP wọn kò sì kọjá ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè gòkè lára aláboyún, lára ẹni tí kòkòrò hepatitis ń ṣe ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, àti lára ọkùnrin tí jẹjẹrẹ kan wà ní kórópọ̀n rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá nọ́ńbà yìí nìkan gbá mú, tí kò wo skáànù, tí kò wo aláìsàn fúnra rẹ̀, kò mọ ohun tí ó ń ṣe.

Purotéènì tí èmi fẹ́ kí ẹ gbé gẹ̀gẹ̀ ni albumin. Kò sí ẹ̀yà ara mìíràn tí ń ṣe é bí kò ṣe ẹ̀dọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì lè wọ̀n ọ́n lónìí láìjẹ́ pé wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun kankan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń ní nǹkan bí gíráàmù 35 sí 50 nínú lítà kan. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdajì èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó lọ, nítorí náà, bí ó bá ti wálẹ̀ gidigidi, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà jẹ́ ti àná. Òun ni ó wà lára ohun tí ń dá omi dúró sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti dín, ẹsẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ikùn a sì máa kún fún omi. Bí a bá fi ẹ̀rọ yí ìgò ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tán, tí ẹ̀jẹ̀ pupa ti lọ sísàlẹ̀, omi tí ó dá sókè, tí ó yẹ kí ó ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, lè pọ́n bí epo pupa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́. Bilirubin, ìdọ̀tí aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ̀dọ̀ máa ń kó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni ó fa èyí, ohun kan náà tí ń mú kí ojú àti ìtọ̀ pọ́n. Bilirubin kì í ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ rántí orúkọ rẹ̀ nítorí ohun tí ó tẹ̀lé e yìí.

Àrùn méjì ni ó máa ń bá ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fínra lẹ́ẹ̀kan náà: kókó tí ń dàgbà, àti ẹ̀dọ̀ tí kókó náà wà nínú rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti bàjẹ́ kí kókó tó yọ rárá. AFP ń sọ nípa kókó. Albumin àti bilirubin ń sọ nípa ẹ̀dọ̀. Ẹnì kan lè ní kókó kékeré kí ó sì tètè kú nítorí pé ẹ̀dọ̀ tí ó kù kò lè gbé e mọ́, nígbà tí ẹlòmíràn tí kókó tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lè gba oògùn kí ó sì fara dà á. Láti 1964, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 1973, ìlànà kan wà tí a ń pè ní Child-Pugh tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n agbára ẹ̀dọ̀. Albumin àti bilirubin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú ikùn àti bí iyè aláìsàn ṣe jí tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ojú dókítà ni ó sì ń pinnu méjèèjì. Omi tí dókítà kan pè ní díẹ̀, òmíràn lè sọ pé ó pọ̀. Ní ọdún 2015, Philip Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan gbé ìlànà tuntun jáde tí wọ́n pè ní ALBI, tí ó jẹ́ pé albumin àti bilirubin nìkan ni ó ń lò. Ó pín àwọn aláìsàn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, bí ẹ̀mí àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó sì yàtọ̀ síra gedegbe, àní láàárín àwọn tí Child-Pugh ti kó pọ̀ sójú kan pé ẹ̀dọ̀ wọn ṣì dára.

Àyẹ̀wò méjì tí kò ṣòro ni èyí. Síbẹ̀, a máa ń rí ìwé ìbéèrè àyẹ̀wò tí wọ́n kọ AFP sí gàdàgbà, tí wọ́n tilẹ̀ fa igi sí abẹ́ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí kọ albumin sí i. Ó jọ pé ohun tí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ wa kì í níyì lójú wa mọ́. Albumin náà lè tan ni jẹ, nítorí pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń da purotéènì sínú ìtọ̀ lè ní ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ni ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìtọ̀ lásán ti tó láti fura sí èyí.

Àwọn ará Jàpáánù ti lọ síwájú gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí. Yàtọ̀ sí AFP lásán, wọ́n ń wo ẹ̀yà rẹ̀ kan tí a ń pè ní AFP-L3, wọ́n sì ń wo PIVKA-II, èyí tí í ṣe purotéènì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tí ẹ̀dọ̀ kò parí iṣẹ́ lórí rẹ̀. Bí èyí bá pọ̀, a máa ń fura pé jẹjẹrẹ ti ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tí ó wọ ẹ̀dọ̀, èyí tí kì í ṣe àmì rere. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí fítámínì K kò tó lára rẹ̀, yóò ní i púpọ̀ láìní jẹjẹrẹ. Ní 2006, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ bilirubin àti albumin, wọ́n sì fún un ní orúkọ BALAD. Ó dára, ó sì ṣiṣẹ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa CRP, nítorí pé ó lè tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń ṣe purotéènì yìí pẹ̀lú, nígbà tí ara bá ń bá nǹkan jà. Ní 2022, àwọn dókítà ní Yúróòpù gbé ìwọ̀n kan jáde fún àwọn tí ń gba oògùn tí ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí láti bá jẹjẹrẹ jà: bí CRP bá tó mílígíráàmù 1 nínú désílítà kan, àmì kan, bí AFP bá tó 100, àmì kan. Àwọn tí kò ní àmì kankan ni wọ́n pẹ́ jù láyé, àwọn tí ó ní méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn le jù. Níbi tí èmi wà, ẹni tí ibà ń ṣe lónìí lè ní CRP tí ó ga ju ìwọ̀n yẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, kí ó sì lọ sílẹ̀ nígbà tí ó bá lo oògùn ibà tán. Bí a bá mú ìwọ̀n tí wọ́n gbé kalẹ̀ níbi tí ẹ̀fọn kò ti ń fa ibà, tí a wá lò ó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín láìkọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, a ó máa fi àmì burúkú lé ẹni tí kò tọ́ sí.

Mo fura pé ìwádìí tí ìròyìn yín ń sọ jọ irú àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí níbẹ̀ yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì wò lẹ́ẹ̀kan náà nínú kókó tí wọ́n gé jáde lára àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn, wọ́n sì rí i pé kókó tí ó jọra lójú dókítà pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí kẹta, tí purotéènì SOAT1 tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú kókó wọn, ni kì í pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn yẹ kókó àwọn ènìyàn 159 wò, gbogbo wọn ni ó ní hepatitis B, wọ́n sì fi purotéènì PYCR2 àti ADH1A hàn gẹ́gẹ́ bí èyí tí a lè fi mọ bí aláìsàn yóò ṣe ṣe sí. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ó tilẹ̀ sún mọ́ wa ju ti Jàpáánù lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé hepatitis C ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti Jàpáánù, nígbà tí hepatitis B ni ìṣòro tiwa. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní i. Ṣùgbọ́n kókó tí wọ́n yẹ̀ wò wọ̀nyí, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ wọ́n. Ta ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ fún níhìn-ín?

Ìdáhùn wà nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, tí wọ́n fi wo àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ńlá 21 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Áfíríkà láàárín 2006 sí 2016, tí Nàìjíríà àti Íjíbítì wà nínú wọn. Ní Íjíbítì, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí ìtọ́jú tí ó kan jẹjẹrẹ náà gan-an gbà. Ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ yòókù, ìdá 3 péré. Ìwọ̀n àárín ìgbà tí ẹ̀mí fi gùn jẹ́ oṣù 10.9 ní Íjíbítì, ó sì jẹ́ oṣù 2.5 ní àwọn tiwa. Ọjọ́ orí àwọn tiwa, ní ìwọ̀n àárín, jẹ́ ọdún 46, ti àwọn ará Íjíbítì sì jẹ́ 58. Ẹni tí ó wà ní ọdún 46 ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ. Olóòtú, purotéènì wo ni a fẹ́ wá wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò sọ ohun tí a kò tíì mọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó dé ilé ìwòsàn ni ó pinnu ohun gbogbo?

Èmi kò sọ pé kí a pa àwọn àmì wọ̀nyí tì. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí gbogbo ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wa máa kọ albumin, bilirubin àti AFP aláìsàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé, kí wọ́n gba nọ́ńbà fóònù ẹbí rẹ̀, kí wọ́n sì máa pè wọ́n lóòrèkóòrè láti mọ bí ó ṣe ń ṣe. Láìpẹ́ láìjìnnà, a ó ní ìwọ̀n tí ó wá láti ara àwọn ènìyàn tiwa, tí ọjọ́ orí wọn kéré, tí hepatitis B àti oró ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bu ti jọ ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹ̀dọ̀ tí ó ti le gbagidi bí ti àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n ní òkè òkun. Èyí kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ìwé àkọsílẹ̀ àti òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n yàn fún un ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti mọ̀ pé òun ní hepatitis B, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ kí òun máa ṣe skáànù ẹ̀dọ̀ àti AFP ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí pé lára ẹni tí a tètè rí kókó rẹ̀ ni gbogbo oògùn àti iṣẹ́ abẹ tí mo ti ń dárúkọ ti lè wúlò.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ó sì kan àwọn tí ìwé èsì ti wà lọ́wọ́ wọn. Yàrá àyẹ̀wò kan lè kọ AFP ní náánógíráàmù, òmíràn a kọ ọ́ ní IU, tí í ṣe ìwọ̀n mìíràn. 400 ti àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 330 ti èkejì. Mo ti rí ẹbí tí ń jó nítorí pé nọ́ńbà wálẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ìwọ̀n ni ó yí padà, tí àrùn ṣì wà níbi tí ó wà. Albumin náà ń kọ́? Gíráàmù 3.5 nínú désílítà àti gíráàmù 35 nínú lítà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èyí tí ó tún burú jù ni pé, bí AFP bá pọ̀ kọjá ààlà nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè bo ohun tí ẹ̀rọ fi ń mú un mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ a sì kọ nọ́ńbà kékeré jáde. Àfi kí òṣìṣẹ́ tí ó fura po omi àyẹ̀wò mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà láti là á, kí ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, bí skáànù bá fi kókó ńlá hàn tí AFP sì kéré, kí aláìsàn ní kí dókítà béèrè bóyá wọ́n là á, kí ó máa lo yàrá àyẹ̀wò kan náà bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó sì kó gbogbo ìwé èsì àtẹ̀yìnwá dání nígbà tí ó bá ń lọ rí dókítà, ti albumin pẹ̀lú ti AFP.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn,
Ìbàdàn.